Ṣé Bọ́ọ̀lù Ló Ń Ba Ìwé Ọmọ Jẹ́?

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, nígbà tí Abẹ́òkúta gbàlejò Ìdíje Eré Ìdárayá Àpapọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejìlélógún, òbí tó lọ pàtẹ́wọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ ní pápá MKO Abíọ́lá ní Kútọ̀ lè padà délé kó gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ tirẹ̀. Ìdánwò WAEC ti dé!

Ẹ̀rù yìí ti pẹ́ láyé. Ní 1961, James Coleman, onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé bí àwọn ọmọ girama ṣe ń gbé eléré gẹ̀gẹ̀ ń fa ọkàn wọn kúrò lórí ẹ̀kọ́. Àmọ́ ìwádìí tó tẹ̀lé e fi hàn léraléra pé eléré máa ń mókè nínú ìwé, owó oṣù wọn sì máa ń ga lọ́jọ́ iwájú. Ibi tó ta kókó nìyẹn: ṣé eré ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀, àbí ọmọ tí ara rẹ̀ ti yá tẹ́lẹ̀, tí bàbá rẹ̀ lówó bàtà, ni kóòṣì ń mú?

Òfin Title IX tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1972 ló tú kókó náà díẹ̀. Ó ní iléèwé tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ fi ọmọbìnrin sẹ́yìn. Kí 1978 tó parí, ọmọbìnrin tó ń ṣeré ní girama ti kúrò ní 1 nínú 27, ó ti di 1 nínú 4. Orí wọn kò ṣàdédé pé sí i o. Òfin ló ṣílẹ̀kùn. Betsey Stevenson, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, wá fi ìpínlẹ̀ wé ìpínlẹ̀: níbi tí àwọn eléré obìnrin bá ti fi 10 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, àwọn obìnrin tó wọ yunifásítì ń fi bí 1 lé, àwọn tó jáde síṣẹ́ ń fi 1 sí 2 lé. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe àròsọ.

Ní Swídìn, Dan-Olof Rooth, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, fi ìwé ìwáṣẹ́ àtọwọ́dá ránṣẹ́ sáwọn agbanisíṣẹ́. Èyí tó mẹ́nu kan eré ìdárayá ni wọ́n ń pè jù, pẹ̀lú ìyàtọ̀ kékeré.

Ẹ̀gbá náà ní Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, tó jẹ góòlù méjì sáwọ̀n Àlgéríà ní àṣekágbá Ife Áfíríkà 1980. Ó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Póli Ìbàdàn, ó sì dá iléèwé sílẹ̀ ní Wásinmi, níbi tí ìwé àti eré ti jọ ń lọ. Ẹnì kan kì í ṣe ìwádìí, lóòótọ́. Ohun tí mo rí dìmú nínú ọ̀nà tirẹ̀ ni pé kíláàsì kò kúrò níbẹ̀. Inú iléèwé ni gbogbo ọmọ tí Stevenson kà wà, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì gba ife kankan rí. Iṣẹ́ Stevenson kò kan ọmọ tó fi iléèwé sílẹ̀ nítorí àjẹ́ǹtì tó ṣèlérí Yúróòpù fún un.