Ẹ̀fọn, itọ́ àti jẹjẹrẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé

Lọ́dún 1957, wọ́n pe Denis Burkitt, dókítà oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Ireland, pé kó wá wo ọmọkùnrin kan nílé ìwòsàn Mulago ní Kampala, lórílẹ̀-èdè Ùgáńdà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà wú lọ́tùn-ún, ó wú lósì, lókè àti nísàlẹ̀, eyín rẹ̀ sì ń mì. Kò pẹ́ tí Burkitt tún rí òmíràn tó ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ní Jinja, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọpinpin.

Ní 1961, òun àti dókítà méjì wa mọ́tò káàkiri ìlà oòrùn àti gúúsù Áfíríkà. Ibi tí òjò pọ̀ sí, tí ilẹ̀ sì gbóná, ni wọ́n ti ń bá jẹjẹrẹ yìí. Bí wọ́n bá ti gun òkè tí òtútù ń mú, ó di àwátì. Ilẹ̀ ẹ̀fọn nìyẹn. Nàìjíríà wà láàrin rẹ̀ gbágbágbá: ní Ìbàdàn, fún ọ̀pọ̀ ọdún, jẹjẹrẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí ló pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ tó ń ṣe ọmọdé.

Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn nìkan kọ́. Lọ́dún 1961 kan náà, Burkitt sọ̀rọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, Anthony Epstein, onímọ̀ nípa àrùn, sì jókòó síbẹ̀. Epstein ní kí wọ́n máa fi kókó tí wọ́n bá gé lára àwọn ọmọ náà ránṣẹ́ sóun nínú bàálù. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, kò rí nǹkan kan. Ní ìparí 1963, kùrukùru lé bàálù kan lọ sí Manchester; nígbà tí ẹrù náà fi máa dé Lọ́ńdọ̀nù, omi inú ìgò ti dàrú. Ẹlòmíràn ì bá dà á nù. Epstein kán díẹ̀ sábẹ́ máíkírósíkóòpù, ó rí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó léfòó láàyè. Inú irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ni òun, Bert Achong àti Yvonne Barr ti rí fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n kéde ní 1964. Epstein-Barr ni wọ́n sọ ọ́. Orúkọ Achong, ọmọ Trinidad, ló sọnù sójú ọ̀nà.

Fáírọ́ọ̀sì yìí wà lára ohun tó ju ìdá 90 nínú 100 àgbàlagbà ayé lọ. Itọ́ ló ń gbé e kiri, ẹni tó bá kó o, ó di tirẹ̀ títí ayé. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ ọmọ ilẹ̀ ẹ̀fọn ló ń ṣe báyìí?

Ọwọ́ àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ni ìdáhùn wà. Sẹ́ẹ̀lì B, tó ń rọ ohun ìjà tí ara fi ń bá àrùn jà, ni Epstein-Barr fi ṣe ibùba. Kòkòrò ibà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, Plasmodium falciparum, ní tirẹ̀, ní nǹkan bí 60 jíìnì tó fi ń pa àwọ̀ dà bí eégún apidán: ara ò tíì dá a mọ̀ tán, ó ti di nǹkan mìíràn. Sẹ́ẹ̀lì B ò wá ní ìsinmi. Kí wọ́n tó lè rọ ohun ìjà tuntun, wọ́n ní láti gé DNA ara wọn, kí wọ́n sì tún un tò. Èròjà kan tó ń jẹ́ AID ló ń ṣokùnfà gígé náà, AID a sì máa ṣì í ṣe. Jíìnì MYC, tó ń pàṣẹ pé kí sẹ́ẹ̀lì máa pín, á já kúrò lórí kúrómósóómù 8, á lọ lẹ̀ mọ́ 14, níbi tí iṣẹ́ ohun ìjà ò ti dáwọ́ dúró. Ó yẹ kí irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ pa ara rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì inú rẹ̀ ni kò jẹ́ kó kú.

Sẹ́ẹ̀lì T, ọmọ ogun ara mìíràn, ló kù tó yẹ kó pa á, ibà sì ti mú kó rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi ọmọ Kisumu ní Kẹ́ńyà, níbi tí ibà pọ̀ sí, wé ọmọ orí òkè Nandi, níbi tó ti ṣọ̀wọ́n, sẹ́ẹ̀lì T àwọn ọmọ Kisumu ni kò fi bẹ́ẹ̀ lè kojú Epstein-Barr. Àwa tí a máa ń sọ pé "ibà lásán ni" kò mọ gbogbo ohun tí ibà ń ṣe.

Kókó yìí lè di ìlọ́po méjì láàrin ọjọ́ kan sí méjì, àmọ́ ó ń gbóògùn bí wọ́n bá tètè gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn. Kò tíì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n fọwọ́ sí fún Epstein-Barr. Ti ibà ti wà: àjọ WHO fọwọ́ sí RTS,S ní 2021, ó fọwọ́ sí R21 ní 2023. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ló sì ti kó fáírọ́ọ̀sì náà kí wọ́n tó pé ọdún mẹ́ta, nítorí náà, nínú àwọn méjèèjì, ibà ló ṣì ṣeé dí lọ́nà.