Ẹ GBÉ INÁ KÚRÒ LÓRÍ KÁMẸ́RÀ, KÍ OJÚ WA LÈ HÀN!

Ọ̀rọ̀ tòní kan ẹni tó ń ya fọ́tò, ó sì kan ẹni tí wọ́n ń yà. Ẹ bá mi sọ fọ́tò ìgbéyàwó tó wà lára ògiri yín kalẹ̀ ná, kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Ṣé iwájú orí ìyàwó kò máa dán bí ẹni tí wọ́n da òróró lé lórí? Ṣé òjìji dúdú kan kò dúró sẹ́yìn ọkọ bí olè? Àwọn tó jókòó níwájú funfun bí ẹfun, àwọn tó dúró lẹ́yìn dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹlòmíràn tilẹ̀ wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé eyín rẹ̀ nìkan la fi mọ̀ pé ó wá síbi ayẹyẹ.

Bó bá ti rí báyìí, a óò ní kámẹ́rà onífọ́tò ni kò dáa. Ẹlòmíràn á ní, "Èmi ni mo dúdú jù." Irọ́ ni, ìyá mi! Dídúdú yín kò ṣe fọ́tò ní nǹkan kan. Ibi tí iná ti wá ló bà á jẹ́.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ FI KAN ÌLÀJẸ

Kò síbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ká èèyàn lára tó etí òkun Ìlàjẹ, ní Ondo State. Ìdí mẹ́ta ló fà á.

Àkọ́kọ́ ni òkùnkùn. Ayétòrò, ìlú tí àwọn ọmọ ìjọ Holy Apostles tẹ̀ dó ní 1947, ń tan iná ẹ̀lẹ́tíríìkì tiwọn nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ṣì ń tan àtùpà elépo. Ṣùgbọ́n ayé yí padà. Ó ju ọdún mẹ́wàá gbáko lọ tí àwọn ará Ìlàjẹ fi wà láìrí iná ìjọba. Bí wọ́n bá ń ṣe àríyá lálẹ́, jẹnẹrétọ̀ ni àti gílóòbù bíi mélòó kan. Fíláàṣì onífọ́tò nìkan ló kù tó lè gba ojú èèyàn lọ́wọ́ òkùnkùn.

Èkejì ni oòrùn ọ̀sán lórí omi. Igi tí èèyàn lè sá sábẹ́ rẹ̀ kò pọ̀ létí òkun. Oòrùn á dúró gangan lórí gèlè, òjìji gèlè á sì bo ojú méjèèjì.

Ẹ̀kẹta ló dunni jù. Òkun ń jẹ ilẹ̀. Ní Ayétòrò, òkun ti gbé ilé gbígbé lọ, ó gbé òpópónà lọ, ó gbé ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn lọ. Ọ̀pọ̀ àgbàlá tí wọ́n ti ṣe ìkómọ nígbà kan rí, omi ló wà níbẹ̀ báyìí. Ẹni tí ilé bàbá rẹ̀ ti wọ inú òkun, fọ́tò nìkan ló máa fi han ọmọ rẹ̀ pé, "Ibí la gbé, bàbá mi àgbà nìyí." Bí ojú bàbá àgbà kò bá wá hàn nínú fọ́tò ọ̀hún ńkọ́?

BÍ FÍLÁÀṢÌ ṢE DÁYÉ

Ní 1887, àwọn ọmọ Jámánì méjì, Adolf Miethe àti Johannes Gaedicke, po ẹ̀tù kan tó ń jẹ́ magnesium mọ́ nǹkan mìíràn. Bí wọ́n bá ti ṣáná sí i, á bú gbàù! Ibẹ̀ á mọ́lẹ̀ kedere, èéfín á sì gba gbogbo ilé. Ó jó ọ̀pọ̀ onífọ́tò lọ́wọ́. Ní 1929, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta gílóòbù fíláàṣì ní Jámánì kan náà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn ń tàn, ó di jíjù nù. Ní 1931, Harold Edgerton ní Amẹ́ríkà ṣe èyí tó ń kó iná ẹ̀lẹ́tíríìkì jọ sínú, tó sì ń tú u sílẹ̀ wàì lẹ́ẹ̀kan náà. Kó o tó ṣẹ́jú, ó ti tàn, ó ti kú, ó sì lè tàn bẹ́ẹ̀ nígbà ẹgbẹ̀rún. Irú rẹ̀ ni gbogbo onífọ́tò wa ń lò dòní.

Àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà wá ṣe àyè kékeré kan sórí rẹ̀, pé kí wọ́n máa ki fíláàṣì bọ̀ ọ́. Ibẹ̀ rọrùn fún ọwọ́ lóòótọ́. Àmọ́ kò dáa fún ojú.

Ẹ wo oòrùn Ọlọ́run. Ṣé àárín ojú yín ló ti ń ràn? Òkè àti ẹ̀gbẹ́ ló ti ń wá. Ìdí nìyẹn tá a fi ń rí bí imú ṣe ga, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe yọ, bí ilà ojú ṣe jinlẹ̀, bí gèlè ṣe ṣẹ́po. Iná tó bá ti orí kámẹ́rà wá, á lọ tààrà, á bọ̀ tààrà. Gbogbo ojú á pẹlẹbẹ bíi pákó. Òógùn àti ìpara tó wà níwájú orí á dá iná náà padà sínú kámẹ́rà. Dídán tẹ́ ẹ rí nìyẹn.

ẸNI TÓ Ń YAN ẸJA MỌ̀ Ọ́N

Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ń yan ẹja, ẹ̀yin lẹ máa tètè yé. Ẹja tó sún mọ́ iná jù á jóná, èyí tó wà lókè téńté kò ní í gbẹ. Bẹ́ẹ̀ ni fíláàṣì ṣe rí, kódà tirẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹnì kan bá wà ní mítà 1 sí iná, tí ẹnì kejì wà ní mítà 2, ẹ lè rò pé ìdajì ìmọ́lẹ̀ ni yóò kan ẹnì kejì. Rárá o! Ìdá kan nínú mẹ́rin péré ni. Ẹni tó bá wà ní mítà 3, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó wà níwájú fi ń funfun, tí àwọn tó wà lẹ́yìn sì ń sọnù.

Ojútùú rẹ̀ kò le. Gbé iná náà sókè, kó o sì gbé e sẹ́yìn díẹ̀ sí i. Bó bá ti jìnnà sí gbogbo wọn, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni iwájú àti ẹni ẹ̀yìn kò ní í tó nǹkan mọ́.

KÍ WÁ NI ṢÍṢE?

Ẹ̀yin onífọ́tò, ẹ yọ fíláàṣì yín kúrò lórí kámẹ́rà. Ẹ gbé e sí ọwọ́ ọ̀tún tàbí ọwọ́ òsì, kó ga ju orí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ yà lọ díẹ̀, kó sì máa wo ojú rẹ̀ láti òkè. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà tí kámẹ́rà fi lè pè é. Ọ̀kan ni wáyà. Kò wọ́n, àmọ́ ó lè gbé èèyàn ṣubú lórí afárá pákó. Èkejì ni ojú kékeré tó ń rí iná fíláàṣì mìíràn, tí tirẹ̀ á sì tàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó dáa nínú ilé, ṣùgbọ́n níbi àríyá, fíláàṣì gbogbo onífọ́tò tó wà níbẹ̀ ni yóò máa tan tìrẹ títí bátìrì á fi kú. Ẹ̀kẹta ni ti rédíò, èyí tí wọ́n ń ki ọ̀kan bọ orí kámẹ́rà, tí wọ́n sì ń ki èkejì bọ ìdí fíláàṣì. Òun ló fọkàn balẹ̀ jù.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú kí ìmọ́lẹ̀ fẹ̀. Ẹ rántí ọjọ́ tí ìkúukùu bo oòrùn, bí ojú gbogbo èèyàn ṣe máa ń tutù, tó ń rẹwà. Ìkúukùu ló sọ oòrùn kékeré di iná ńlá. Agboòrùn funfun lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Aṣọ ìbora funfun tẹ́ ẹ bá ta sáàárín fíláàṣì àti ẹni tẹ́ ẹ ń yà lè ṣe é. Àwọn ìwé onífọ́tò máa ń ní kẹ́ ẹ kọ fíláàṣì sí àjà funfun. Àwọn tó kọ ọ́ kò dé ilé pákó tí páànù nìkan wà lórí rẹ̀! Bẹ́ ẹ bá kọ iná sí pákó, àwọ̀ pákó náà ló máa bá a padà wá sójú èèyàn. Aṣọ funfun lẹ̀rọ̀.

Àwọn àgbà wa sì ní ìlànà tiwọn. Ní 1978, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn African Arts lórí bí Yorùbá ṣe ń ya fọ́tò, lẹ́yìn tó ti wo iṣẹ́ àwọn onífọ́tò Ìlá-Ọ̀ràngún. Ó ṣàlàyé pé àgbàlagbà máa ń jókòó, á kọjú sí kámẹ́rà gangan, á gbé ọwọ́ lé itan. Òdidi ojú ló fẹ́ kó hàn. Nítorí náà, onífọ́tò tó bá fi iná ẹ̀gbẹ́ pa ojú kan bàbá dé, tó ní àṣà ìgbàlódé ni, bàbá á bi í pé, "Ìdajì mi dà?" Ẹ fi páálí tẹ́ ẹ lẹ bébà funfun mọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Yóò ju ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ padà síbẹ̀, òdidi ojú á sì hàn.

AWỌ DÚDÚ KÌ Í ṢE ÀBÙKÙ

Àwọn kan gbà pé èèyàn dúdú ń fẹ́ iná púpọ̀. Ní South Africa nígbà ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, wọ́n ń lo kámẹ́rà Polaroid fún fọ́tò ìwé tí wọ́n fi ń dá àwọn aláwọ̀ dúdú lọ́nà. Kámẹ́rà wọn kan, ID-2, ní bọ́tìnì tó ń fi ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún kún agbára fíláàṣì. Ní 1970, Caroline Hunter àti Ken Williams, òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú ní ilé iṣẹ́ náà ní Amẹ́ríkà, dìde pé àwọn kò gbà. Ní 1977, Polaroid kógbá wọlé kúrò ní South Africa.

Iná tí wọ́n ń rọ́ lu ojú èèyàn, ti ẹni tó fẹ́ kà wá bí ẹran ni. Ẹni tó fẹ́ bù wá kún kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Awọ dúdú dà bí omi ọ̀sà, ohun tó bá kọjú sí i ló ń gbé jáde. Kọ iná kékeré sí i, á ta ọ́ lójú. Fi iná fífẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á tàn bí ẹyin ojú.

TI ETÍ ÒKUN YÀTỌ̀

Lọ́sàn-án gangan, ẹ jẹ́ kí ẹni tẹ́ ẹ ń yà kẹ́yìn sí oòrùn, kẹ́ ẹ wá fi fíláàṣì lé òjìji gèlè kúrò lójú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà òde òní kò gbà kẹ́ ẹ yára ju 1/200 tàbí 1/250 lọ bí fíláàṣì bá ń tàn. Bẹ́ ẹ bá yára jù, ìlà dúdú á gé fọ́tò. Ẹni tó bá ṣì ní Yashica àtijọ́ elójú méjì kò níṣòro yìí, nítorí inú lẹ́ńsì ni ìlẹ̀kùn tirẹ̀ wà.

Atẹ́gùn òkun á sọ agboòrùn di ìgbòkun, á sì gbé fíláàṣì jù sómi. Ẹ so àpò iyanrìn mọ́ ẹsẹ̀ ohun tó gbé e dúró, tàbí kí ọmọ iṣẹ́ dì í mú. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ń jẹ irin. Bẹ́ ẹ bá délé, ẹ nu gbogbo rẹ̀, kẹ́ ẹ yọ bátìrì. Bí fíláàṣì bá sì bọ́ sómi, ẹ má tú u fúnra yín! Iná tó wà nínú rẹ̀ tó nǹkan bíi fóòtì 300, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti pa á. Ẹ tún ṣọ́ra fún fíláàṣì àtijọ́ lórí kámẹ́rà tuntun. Iná tí àwọn mìíràn ń ti ìdí pọ̀ ju 200 fóòtì lọ, ó lè jó kámẹ́rà yín.

Ẹ̀YIN TẸ́ Ẹ Ń SANWÓ

Ọ̀rọ̀ wá kù sọ́wọ́ wa, àwa oníbàárà. Bí onífọ́tò bá ti Igbókòdá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ ya ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó, owó ọkọ̀ èèyàn kan la máa ń fẹ́ san. Ta ni yóò wá gbé iná? Ọmọ iṣẹ́ á jókòó sílé, fíláàṣì á padà sórí kámẹ́rà, iwájú orí ìyàwó á sì máa dán bí òróró. Owó ọkọ̀ ọmọ iṣẹ́ tá a já, òun náà ló ba fọ́tò tí a ó máa wò fún ogójì ọdún jẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrèǹgbè.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó san àsansílẹ̀, ẹ bi onífọ́tò léèrè pé, "Ibo lo máa gbé iná sí? Ta ló máa bá ọ gbé e?" Bó bá dáhùn dáadáa, ẹ sanwó ẹni méjì. Kó tó yà yín, ẹ fi aṣọ nu iwájú orí, kẹ́ ẹ sì fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má jẹ́ kí fọ́tò náà mọ sínú fóònù o. Fóònù ń bọ́ sómi. Ẹ jẹ́ kó tẹ méjì fún yín, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ yín, kí èkejì wà lọ́dọ̀ ìbátan yín tó ń gbé lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Òkun tó ń jẹ ilé kò mọ fọ́tò yàtọ̀ sí pákó.

Ẹ̀yin onífọ́tò etí òkun, bẹ́ ẹ bá ní ọgbọ́n mìíràn tẹ́ ẹ ń dá sí atẹ́gùn àti iyọ̀, ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ojú ìwé yìí. Ẹ̀yin ìyá wa náà, ẹ kọ èyí tó ń dùn yín. Ó dìgbà kan ná.