Ẹni Tí Ara Rẹ̀ Ti Yá Tí Kò Tíì Lè Lọ Sílé

Dókítà méjì ló wà nínú ilé wa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àbúrò mi ọkùnrin gboyè níbí, ó ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó sì kọjá sí England, níbi tó ti ń kọ́ṣẹ́ dókítà àdúgbò tí wọ́n ń pè ní GP. Ọdún mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ náà: wọ́n á lo apá kan ní wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n á lo ìyókù ní ilé ìwòsàn àdúgbò.

Tí àwọn èèyàn bá ń fi iṣẹ́ dókítà nílé wé ti òkè òkun, owó oṣù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mú bọnu, iná ìjọba á tẹ̀ lé e. Òótọ́ ni. Àmọ́ bí mo bá fetí sí bí ọ̀sẹ̀ àwọn méjèèjì ṣe lọ, nǹkan kéékèèké tó ń jẹ àkókò wọn ló máa ń wọ̀ mí lára jù. Àìsàn nìkan kọ́ ló ń gba ọjọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Èyí tó ń gba ti ẹ̀gbọ́n mi ni bí aláìsàn ṣe máa rówó. Èyí tó ń gba ti àbúrò mi ni bó ṣe máa kọ gbogbo ohun tó ṣe sílẹ̀. Mo ti rò ó títí, mi ò sì gbà pé ẹrù méjèèjì wúwo bákan náà.

Ọjọ́ Ajé ni kílíníìkì ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Kí aago méje àárọ̀ tó lù, orí bẹ́ǹṣì ti kún. Àwọn tó ń bọ̀ láti abúlé ti wọkọ̀ láti ìdájí, káàdì wọn wà lọ́wọ́ wọn. Kò sẹ́ni tí wọ́n dá aago fún. Bí wọ́n ṣe dé ni wọ́n ṣe ń wọlé. Ó sọ fún mi nípa ìyá kan tó ti ń tọ́jú tipẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n kíra tán, tó ti béèrè àwọn ọmọ, ó wọn ẹ̀jẹ̀ ìyá: 190 lórí 110.

"Ìyá, ṣé ẹ ń lo oògùn yín?"

"Mò ń lò ó, dókítà mi."

"Ẹ jẹ́ kí n rí i, ẹ jọ̀ọ́."

Ìyá tú etí ìró, ó yọ káàdì oògùn kan tó ti ká jọ. Ó yẹ kó ti tán láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ṣùgbọ́n hóró mẹ́fà ṣì wà nínú rẹ̀. Ó ń lò ó lónìí, ó ń fo ọ̀la, kó lè tó o lò títí ọmọ tó wà l'Ékòó á fi fowó ránṣẹ́.

Ìyá ò purọ́. Ó ń lo oògùn lóòótọ́, bí apá rẹ̀ ṣe ká a ló ṣe ń lò ó. Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ dókítà ti di ìṣirò. Nínú oògùn mẹ́ta tó yẹ kó kọ, èwo ni ìyá lè máa rà lóṣooṣù? Nínú àyẹ̀wò mẹ́rin, èwo ni kò ṣeé yẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi kọ oògùn méjì, ó kọ àyẹ̀wò kan, ti kídìnrín, ó ní kí ìyókù ṣì dúró ná. Wọn ò kọ́ ọ ní ìṣirò yìí ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, bẹ́ẹ̀ òun ló máa ń ṣe láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé títí bẹ́ǹṣì á fi ṣófo.

Ohun tó fà á ò fara sin. Nínú gbogbo owó tí wọ́n ń ná sórí ìlera ní Nàìjíríà, èyí tó ń ti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ jáde ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ. Ní 2001, Àbújá níbí ni àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ti ṣèlérí pé ìdá 15 nínú 100 ìṣúná ọdọọdún á máa lọ sórí ìlera. Àwa tá a gbà wọ́n lálejò ò tíì dé ibẹ̀ rí. Ètò adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2005, òfin 2022 sì sọ ọ́ di dandan fún gbogbo olùgbé orílẹ̀-èdè yìí. Ìyá tó tú etí ìró yẹn ò sí nínú rẹ̀.

Ní ti àbúrò mi, nígbà tó wà ní ilé ìwòsàn àdúgbò, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni fóònù ń ṣí, kò sì ní pẹ́ tí àyè ọjọ́ náà á fi kún. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n sábà máa ń fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó wọlé kì í sanwó, bó ti rí nìyẹn láti 1948 tí wọ́n ti dá NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, sílẹ̀. Ní ti oògùn, £9.90 ni oríṣi kọ̀ọ̀kan ní England. Ẹni tó ti pé 60 ọdún kì í san kọ́bọ̀, àwọn ará Scotland, Wales àti Northern Ireland kì í sì í san rárá. Nítorí náà ìyá kan ò ní í fo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nítorí pé ọmọ ò tíì fowó ránṣẹ́. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà á dúró díẹ̀ lórí èyí, torí pé àwọn tó wà lọ́hùn-ún ti gbàgbé pé nǹkan ńlá ni.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wàhálà tiwọn. Ẹnì kan á kó ẹ̀dùn mẹ́ta wọlé, á sọ ti orúnkún, á sọ ti ikọ́, ìgbà tó bá di ilẹ̀kùn mú tó fẹ́ jáde ló máa wá sọ pé òun ti ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ òun láti oṣù tó kọjá. Dókítà ò lè ní kó máa lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni àkókò ẹni tó kàn ti ń lọ. Àgbàlagbà ẹni ọgọ́rin ọdún á sì ní kí àbúrò mi máa pe òun ní orúkọ òun gan-an, láìsí bàbá, láìsí ọ̀gbẹ́ni. Ó pẹ́ kí ahọ́n rẹ̀ tó gbà á.

Bí wọ́n bá lọ tán, kọ̀ǹpútà ló kù. Èsì àyẹ̀wò wà níbẹ̀, lẹ́tà láti ilé ìwòsàn ńlá wà níbẹ̀, àti ti àwọn tó fẹ́ kí wọ́n tún oògùn wọn kọ. Ó gbọ́dọ̀ ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó kọ ohun tó ṣe sí i, torí pé ohun tí wọn ò kọ sílẹ̀ lọ́hùn-ún, bíi pé wọn ò ṣe é ni. Lójú ọ̀nà ilé, ohun tó ń jà gùdù lọ́kàn rẹ̀ ni pé ṣé mo kọ ọ́ pé mo ní kí aláìsàn yẹn tètè padà wá bí ayà bá tún ń dùn ún? Ó ti padà sí ẹnu kọ̀ǹpútà lálẹ́ nítorí gbólóhùn kan ṣoṣo.

Èmi ò ní fojú kékeré wo ìyẹn. Ọ̀pọ̀ dókítà ló ti sá kúrò nídìí iṣẹ́ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tí wọ́n gbàgbé láti kọ, oorun dókítà ló sábà máa ń gbà. Oògùn tí ìyá ń fò, ó lè di rọpárọsẹ̀.

Òru ló ya àwọn méjèèjì jù. Lọ́hùn-ún, òfin dá wákàtí iṣẹ́. Òfin ò gbà kó ju wákàtí 48 lọ lọ́sẹ̀, bí wọ́n bá pín in láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ṣíìfù kan ò gbọdọ̀ ju wákàtí 13 lọ. Ẹni tó bá ṣe òru mẹ́rin tó tẹ̀ léra gbọ́dọ̀ sinmi wákàtí 46. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá gbọ́ 46 yẹn, á dákẹ́. Òun máa ń wọṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, á sì bá kílíníìkì Ọjọ́ Ajé pàdé láìtíì délé.

Òru kan, wọ́n gbé aboyún kan dé, ọmọ ò lè wálẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n mi tó lè ṣiṣẹ́ abẹ, ọkọ gbọ́dọ̀ ra ohun tó wà nínú ìwé pélébé kan: ìbọ̀wọ́, abẹ́rẹ́, omi tí wọ́n máa fà sí i lára, okùn tí wọ́n máa fi rán an, oògùn akunilóorun. Ọkùnrin náà di ìwé mú, ó sáré sọdá títì lọ sọ́dọ̀ onífámásì tí kì í tilẹ̀kùn. Àbúrò obìnrin náà lọ fún un ní ẹ̀jẹ̀. Ẹnì kan wá dísẹ́ẹ̀lì lọ fún jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò dúró de ọkọ. Ó ní páálí kan nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ tó ń fi owó oṣù ara rẹ̀ kó nǹkan sí, ìbọ̀wọ́ àti omi, kí irú òru bẹ́ẹ̀ má bàa bá a lófo. Ohun tó wà níbẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá yè, ọmọ yè. Ọkọ dé pẹ̀lú nǹkan tó rà, wọ́n fi dí páálí náà padà. Ó sì yẹ kí n fi kún un pé ọ̀rọ̀ iná ò yọ ilé ìwòsàn ńlá sílẹ̀: UCH Ìbàdàn fúnra rẹ̀ lò ju oṣù mẹ́ta lọ láìsí iná ìjọba láàárín òpin 2024 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2025.

Àbúrò mi ní òun ò rí irú ìwé pélébé yẹn rí láti ìgbà tóun ti débẹ̀. Gbogbo nǹkan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ohun tí kò sí ni èèyàn. Níbí, ẹbí ló ń sùn lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọ́ọ̀dù. Àwọn ló ń wẹ aláìsàn, tó ń fún un lóúnjẹ, tó ń sáré wá sọ pé mímí rẹ̀ ti yí padà. Lọ́hùn-ún, bí àkókò ìbẹ̀wò bá parí, arúgbó á ku òun nìkan pẹ̀lú aago orí ògiri, àbúrò mi á máa ti wọ́ọ̀dù bọ́ sí wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì díẹ̀ á máa sáré láàárín bẹ́ẹ̀dì. Apá ibí yìí ni mo rò pé tiwa ti sàn ju tiwọn lọ. Síbẹ̀ ẹni tó sùn lórí ẹní yẹn ò lọ sọ́jà, ò sì ṣí ṣọ́ọ̀bù; owó ni òun náà ń pàdánù.

Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì ló wá mú kí n jókòó kọ èyí. Ní Ọjọ́ Ẹtì, dókítà níbi gbogbo máa ń fẹ́ kí wọ́ọ̀dù fúyẹ́ kí òpin ọ̀sẹ̀ tó wọlé. Àwọn méjèèjì sì ní aláìsàn kan tí wọ́n máa ń bá níbẹ̀ ní Ọjọ́ Ẹtì sí Ọjọ́ Ẹtì, tí wọn ò ní nǹkan kan mọ́ láti kọ sínú ìwé rẹ̀. Ti àbúrò mi, bàbá kan tí òtútù àyà rẹ̀ ti lọ pátápátá ni. Ó ń gbé òun nìkan, àtẹ̀gùn wà nínú ilé rẹ̀, káńsù ò sì tíì rí ẹni táá máa lọ fún un lóúnjẹ láàárọ̀ àti lálẹ́. Irú rẹ̀ ní England lé ní 10,000 lójúmọ́ láwọn ọdún àìpẹ́ yìí.

Ti ẹ̀gbọ́n mi, obìnrin tó bímọ nípasẹ̀ iṣẹ́ abẹ ni. Wọ́n ti yọ okùn ojú egbò rẹ̀, ọmọ ń mu ọyàn dáadáa, ṣùgbọ́n wọn ò tíì san owó tán. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì mọ ojú rẹ̀. Owó bẹ́ẹ̀dì sì ń gorí gbèsè lójoojúmọ́, tó fi jẹ́ pé bó bá ṣe ń pẹ́ sí i ni ọ̀nà ilé ń jìn sí i.

Ilé ìwòsàn ní àwíjàre: owó yẹn ni wọ́n fi ń ra oògùn fún ẹlòmíì, bí gbogbo èèyàn bá sì lọ láìsan, ṣẹ́ẹ̀fù á gbẹ. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kò sí owó tó ń wọlé láti ara obìnrin tí wọ́n tì mọ́lé. Ọkọ rẹ̀ tó yẹ kó wà nídìí iṣẹ́ ń gbé abọ́ oúnjẹ wá lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, bẹ́ẹ̀dì tí ẹlòmíì nílò ò sì ṣófo. Ti bàbá England, àìsí èèyàn ló fà á, ó sì máa gba ọ̀pọ̀ owó àti ọdún kí wọ́n tó tún un ṣe. Tiwa, àwa la fi ọwọ́ ara wa ti géètì náà. Bí wọ́n bá fẹ́, wọ́n lè ṣí i lónìí, kí wọ́n kọ gbèsè sílẹ̀, kí wọ́n máa gbà á díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ló dáwó jọ, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì kan tó wà nítòsí, kí obìnrin náà tó gbé ọmọ rẹ̀ jáde.

Àbúrò mi nìkan kọ́ ló lọ: àwọn dókítà tó kàwé ní Nàìjíríà tó wà nínú ìwé orúkọ àwọn dókítà ní Britain ti lé ní 10,000. Ìgbà kan wà tí ìrìn náà máa ń já síbí. Latunde Odeku gboyè ìṣègùn ní Howard ní Amẹ́ríkà ní 1954, ó kọ́ṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Michigan, ó sì padà sí Ìbàdàn ní 1962 láti dá ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀ ní UCH, tí wọ́n ṣí ní nǹkan bí ọdún márùn-ún ṣáájú. Mi ò ní fi ìyẹn bú àbúrò mi.

Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti dá adójútòfò tiwọn sílẹ̀, bíi Ìlera Èkó, ẹ̀gbọ́n mi náà sì ti ń rí aláìsàn kọ̀ọ̀kan tó ní ìwé adójútòfò. Ó ní fún wọn, òun máa ń kọ àyẹ̀wò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun máa ń kọ oògùn tó yẹ, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ó ní ìgbà yẹn ló máa ń rántí pé dókítà lòun.

Àbúrò mi pè wá lópin ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ń bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè nípa ibi iṣẹ́, mo rò pé owó oṣù ló máa béèrè. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé wọ́n ti ń kó ìbọ̀wọ́ sí tíátà báyìí?" Ẹ̀gbọ́n mi ní rárá, èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀ òun náà ti ń tán lọ. Àbúrò mi ní kó fi nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ ránṣẹ́, òun máa ra páálí méjì.