Òpó ike fún ọgbà oko ní Pobè àti Sakété: ikán kò lè jẹ ẹ́, àmọ́ iná ńkọ́?

Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, iṣẹ́ kan wà tí àgbẹ̀ Pobè àti Sakété kì í fi falẹ̀: yíyẹ ọgbà oko wò. Ẹni tó ri igi mọ́lẹ̀ lọ́dún tó kọjá á mi wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì rí i pé púpọ̀ nínú wọn kò ní ìdí mọ́. Lókè, igi ṣì le koko. Nísàlẹ̀, ikán ti jẹ ẹ́ di ìyẹ̀fun. Bí ewúrẹ́ bá kàn fi ẹ̀gbẹ́ ra á, ọgbà lọ nìyẹn. Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo inú rẹ̀ di ti ẹran.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ òpó ike fi ń dùn létí. Ike kì í jẹrà, kì í mu omi, ikán kò sì rí oúnjẹ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá lò ó kò ní máa gé igi tuntun lọ́dọọdún, nígbà tí igbó tí a ti ń gé e ń jìnnà sí wa sí i.

Kì í ṣe àlá lásán. Ní Nairobi, olú ìlú Kenya, obìnrin kan tó ń jẹ́ Lorna Rutto fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀, ó sì dá ilé iṣẹ́ EcoPost sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2010. Ike tí àwọn ènìyàn ti jù nù ni wọ́n ń kó jọ, wọ́n á lọ̀ ọ́ wẹ́wẹ́, wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á sì fi ṣe òpó ọgbà. Lọ́dọ̀ tiwa, òfin 2017-39 ti ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2017 ti ka àpò ọ̀rá tí kì í jẹrà léèwọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ẹ̀yìn ọjà kọjá mọ̀ pé kẹ́ẹ̀gì tó fọ́ àti ìgò omi kò tíì tán nílẹ̀. Ohun tí a ó fi ṣe é kò wọ́n wa.

Àmọ́ ike ju ike lọ. Páìpù omi tí inú rẹ̀ ṣófo kò lè dá ọgbà dúró. Oòrùn á mú un gbẹ títí yóò fi máa fọ́ bí èèpo ẹyin. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó ní láti ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú rẹ̀, kó sì po sìmẹ́ǹtì, yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ dà sí i. Nígbà náà, sìmẹ́ǹtì gan-an ni òpó, ike kàn jẹ́ aṣọ rẹ̀ ni.

Òpó tí wọ́n fi ike yíyọ́ ṣe, tí inú rẹ̀ kún, ló yẹ ká máa sọ. Òun náà ní àléébù. Bí a bá ń fa ike sójú kan fún ìgbà pípẹ́, pàápàá nínú ooru, díẹ̀díẹ̀ ló máa ń tẹ̀. Nítorí náà ẹ má fi sí igun ọgbà, níbi tí wáyà ẹlẹ́gùn-ún ti ń fà jù. Òpó sìmẹ́ǹtì tàbí igi tó ti ta gbòǹgbò ni kó wà ní igun, kí ike máa dúró láàárín. Ìṣó kì í sì í di ike mú bó ṣe ń di igi mú. Ó sàn kí a lu ihò sí i, kí a fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ so wáyà ọgbà mọ́ ọn. Ẹ̀yin tí oko yín wà lórí ilẹ̀ dúdú lápá Issaba, ní ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí, ẹ mọ̀ pé ilẹ̀ yẹn ń wú lójò, ó sì ń sán lẹ́ẹ̀rùn. Bí òpó yín bá gùn tó mítà 2, ẹ jẹ́ kó wọlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60, ó kéré tán.

Iná ló ń kọ mí lóminú jù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n bá ń sun igbó, àkòko tútù lè jó lára kó sì tún rúwé. Òpó ike á yọ́, á máa kán sílẹ̀ bí epo, èéfín rẹ̀ kò sì dára fún ẹnikẹ́ni. Ọgbà tí owó ọ̀pọ̀ ọdún lọ sí lè parẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ máa ro ẹsẹ̀ ọgbà, nínú àti lóde, kí ọyẹ́ tó dé. Bí kò bá ní agbára ìyẹn, kó má rà á rárá.

Ọ̀rọ̀ ààlà tún wà níbẹ̀, èyí tí àwa ọ̀dọ́ kì í fẹ́ gbọ́. Àkòko àti pèrègún kì í ṣe ọgbà nìkan, ẹlẹ́rìí ni wọ́n. Bí ìjà ilẹ̀ bá dé, àwọn àgbà á lọ sójú ilẹ̀, wọ́n á wá igi tí bàbá lágbájá gbìn. Bí wọ́n tilẹ̀ ti gé e, kùkùté rẹ̀ á tún yọ. Òpó ike kò ní gbòǹgbò. Ẹni tó ní èrò ibi lè hú u lóru, kó sún un síwájú ní ẹsẹ̀ mẹ́wàá. Ẹ má hú pèrègún nítorí pé ẹ fẹ́ ri ike. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ dúró níwájú òfin, òfin ilẹ̀ 2013-01 ti ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2013 ló yẹ kó tẹ̀ lé: kó gba ìwé tí wọ́n ń pè ní ADC, kó sì pe awọnlẹ̀. Ọgbà kì í ṣe ìwé.

Ní ti ẹran, ewúrẹ́ á gba àárín wáyà wọlé bí àlàfo bá fẹ̀. Làpálàpá tí a gbìn ṣùṣù sí ẹsẹ̀ wáyà lè ràn án lọ́wọ́, nítorí ẹran kì í jẹ ewé rẹ̀. Ti màlúù, ẹ rántí pé òfin 2018-20 ti ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 2018 wà fún ọ̀rọ̀ darandaran. Ẹ má fi ọgbà dí ọ̀nà tí wọ́n ti ń gbà látijọ́. Ìjà tí ọgbà ìdínà ń fà kì í kéré.

Bí ẹnìkan bá gbé òpó ike wá tà fún yín, ẹ ní kó gé ọ̀kan kí ẹ rí inú rẹ̀. Ẹ ra mẹ́wàá péré, ẹ rì wọ́n sí apá kan oko, ẹ fi igi sí apá kejì, kí ẹ sì jẹ́ kí òjò méjì àti ẹ̀ẹ̀rùn méjì kọjá lórí wọn kí ẹ tó tún ra òmíràn.