Òrùlé Kì Í Ṣe Ilẹ̀: Kí O Tó Bá Káfíńtà Gun Orí Páànù

Ọlidé ń bọ̀, àwọn kan nínú wa á sì tún lọ ṣe lébírà lọ́dọ̀ àwọn káfíńtà tó ń kan òrùlé ṣọ́ọ̀bù, ilé ìkẹ́rùsí àti ilé ìtajà ńlá. Ṣùgbọ́n kí o tó gun àkàbà, ka èyí ná.

Ẹ jẹ́ ká lo físíìsì tí wọ́n kọ́ wa: v² = 2gh, tí g jẹ́ 10. Bí èèyàn bá já bọ́ láti ibi tó ga ní mítà 5, ìṣẹ́jú àáyá 1 péré ló máa fi dé ilẹ̀. Eré tó máa bá débẹ̀ á tó kìlómítà 36 láàárín wákàtí 1, bí ẹni tí ọ̀kadà gbé sáré kọlu ògiri. Kò sí àyè láti di nǹkan kan mú.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé etí òrùlé nìkan ni ewu wà. Rárá o! Òrùlé fúnra rẹ̀ lè wó lábẹ́ ẹsẹ̀. Ní ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n máa ń fi páànù onírọ́bà sí àárín páànù yòókù kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Bó bá pẹ́, oòrùn á jẹ ẹ́, á di ẹlẹgẹ́. Eruku á wá bò ó, o ò ní lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó lágbára. Òrùlé asbestos tó ti gbó náà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á ní, "Ṣáà máa tẹ ibi tí ìṣó wà." Ìyẹn ò tó, torí ẹsẹ̀ lè yọ̀ nígbàkigbà. Pákó tó fẹ̀, tó sì gùn kọjá igi òrùlé méjì ó kéré tán, ni kí wọ́n tẹ́ sí i.

Atẹ́gùn ńkọ́? Páànù tí o gbé dání lè di ìgbòkun mọ́ ọ lọ́wọ́, kó sì wọ́ ọ lọ.

Ẹlẹ́mu kì í gun ọ̀pẹ láìsí igbà. Igbà ti òrùlé ni bẹ́líìtì tó gba èjìká àti itan, tó ní okùn lẹ́yìn. Igi tàbí irin tó dúró gbọn-in ni wọ́n ń so okùn náà mọ́, kì í ṣe páànù. Bí okùn bá sì gùn jù, ilẹ̀ lo máa kọ́kọ́ bá kí ó tó fà ọ́ dúró.

Ní Amẹ́ríkà, ìjábọ́ ló ń pa òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ jù lọ. Òfin ibẹ̀ ní bí ibi iṣẹ́ bá ti ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6, kí agbanisíṣẹ́ pèsè irin ìdènà sí etí rẹ̀, tàbí àwọ̀n, tàbí bẹ́líìtì. Ẹ kíyè sí i: ọ̀gá ni òfin gbé ẹrù yẹn lé lórí, kì í ṣe lébírà.

Nítorí náà, bí ọ̀gá bá ní kí o gòkè, fi ọ̀wọ̀ bi í: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo ni kí n so okùn mọ́? Ibo ni ò ṣeé tẹ̀ níbẹ̀?" Bí kò bá sí ìdáhùn, dúró sílẹ̀, kí o máa to páànù fún wọn (kì í ṣe ní abẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kan án o!). Owó ọlidé kan ò lè ra egungun ẹ̀yìn tuntun.