Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Èlé àti ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn

Ní 2002, òfin Jámánì fi 600 yúrò ṣe ààlà: owó tí ẹni tó pàdánù ń jà lé gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn láìgba àṣẹ. Èlé kò sí nínú ìṣirò náà. Bí gbèsè bá jẹ́ 580, tí èlé gbé e dé 700, 580 ni ilé ẹjọ́ ń kà. Àwọn kan á sọ pé ìrẹ́jẹ ni, torí àpò kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń ka èlé, ẹni tó ń fi ẹjọ́ falẹ̀ ni yóò jèrè. Bí ó bá jẹ́ pé èlé nìkan ló kù tí wọ́n ń jà lé, wọ́n ń kà á. Adájọ́ sì lè yọ̀ǹda ẹjọ́ kékeré tó ní kókó òfin pàtàkì. Ẹ yọ èlé kúrò kí ẹ tó ṣírò.