Omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yàn, kí ẹ tó yan ọkọ̀: àlàyé fún ọmọ Lèma tó fẹ́ ra ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì

Lèma, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ẹ̀, kò sí létí omi. Òkè Ìdáàṣà ló yí i ká, àwọn òkúta ńláńlá tí àwọn baba wa gùn nígbà tí ogun Dàhómì ń kó èèyàn lẹ́rú. Bí àwọn tiwa ṣe ń sá gun òkè, bẹ́ẹ̀ làwọn Tófìn ń sá wọ inú ọ̀sà Nokoué. Wọ́n ri òpó mọ́ ẹrẹ̀, wọ́n kọ́lé lé e lórí, ibẹ̀ ló di Ganvié. Ogun kan náà ló lé àwa méjèèjì. Ọmọ tiwọn ń wa àjẹ̀ kó tó mọ̀wé, ọmọ tiwa mọ òkúta tó ń yọ̀ àti èyí tí kì í yọ̀.

Lónìí, títì ọlọ́dà tó gba Ìdáàṣà kọjá ti sọ Kútọnu, ìlú etí ọ̀sà náà, di ìrìn wákàtí díẹ̀, bí igba kìlómítà. Àwọn ọmọ orí òkè wà níbẹ̀ tí wọ́n ríṣẹ́ ṣe, tí wọ́n sì fẹ́ ní ọkọ̀ ojú omi tiwọn tí wọ́n á máa fi gbé aya àtọmọ gbafẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Ohun tó dáa ni. Àmọ́ ẹni tí kò bá omi dàgbà ní ìbéèrè tó gbọ́dọ̀ bèèrè kó tó tú owó sílẹ̀, ẹni tó ń tajà kò sì ní bá a bèèrè wọn.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì rárá. Omi wo lẹ fẹ́ wà á lórí rẹ̀? Ọ̀sà Nokoué fẹ̀ lọ súà, ṣùgbọ́n kò jìn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀pọ̀ ibi nínú rẹ̀ kò ju mítà kan àbọ̀ lọ, ibi tí àgbàlagbà lè dúró sí kí omi mu ún dé àyà. Odò Ouémé tó ń ṣàn lápá ìlà oòrùn wa, tó gba abẹ́ afárá Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá, máa ń gbẹ débi tí òkúta inú rẹ̀ á yọ orí síta, tó bá sì di oṣù kẹsàn-án, á kún bo bèbè. Ti òkun yàtọ̀ sí méjèèjì. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kò níṣẹ́ lórí ìgbì òkun Kútọnu, mi ò ní fi bò fún ẹnikẹ́ni.

Ọkọ̀ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú máa ń léfòó lórí omi tí kò jìn, kì í sì í mì púpọ̀ téèyàn bá dìde dúró nínú rẹ̀. Àmọ́ tí ìgbì bá dé, á máa gbá omi bí ìgbà tí wọ́n ń gún iyán. Èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí ṣóńṣó máa ń la ìgbì, ṣùgbọ́n ó máa ń rì wọlẹ̀ díẹ̀, ó sì ń fẹ́ agbára púpọ̀ sí i. Fún Nokoué, èyí tó tẹ́jú tàbí tó ṣóńṣó díẹ̀ ló bá a mu. Iye èèyàn tó lè gbé ńkọ́? Ìṣirò kan wà tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà: ẹ fi gígùn ọkọ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà ṣe ìlọ́po fífẹ̀ rẹ̀, kí ẹ pín in sí 15. Ọkọ̀ tó gùn ní ẹsẹ̀ 18, tó fẹ̀ ní 6, èèyàn méje ló máa gbé. Tẹ́ ẹ bá di ẹrù sí i, èèyàn á dín. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé mẹ́jọ náà ṣì lè há mọ́ ọn.

Ká wá bọ́ sórí ẹ́ńjìnnì. Oríṣi méjì lẹ máa bá pàdé. Èyí tó pẹ́ jù létíkun Áfíríkà ni alágbára kékeré tí wọ́n máa ń po bẹntiróòlù àti òróró ẹ́ńjìnnì pọ̀ fún. Ẹni tó ti gun alùpùpù zémìjàn àtijọ́ mọ̀ ọ́n, mélange ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ òróró lítà kan sí bẹntiróòlù àádọ́ta, ìyẹn ìdajì lítà fún bìdọ́ọ̀nù lítà 25, ṣùgbọ́n ìwé tó bá ẹ́ńjìnnì wá ló ní àṣẹ. Òróró tó yẹ ni èyí tí wọ́n kọ TC-W3 sí lára, tí wọ́n ṣe fún ẹ́ńjìnnì tí omi ń mú tutù. Òróró alùpùpù kọ́ o. Yamaha tó ti ń ṣe ẹ́ńjìnnì ojú omi láti 1960 ṣì ń ta irú rẹ̀ nílẹ̀ wa, nítorí pé ó fúyẹ́, kò lẹ́gẹ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe kò sì wọ́n lágbègbè ọ̀sà. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń jẹ epo ní ìjẹkújẹ. Bíi ìdá kan nínú mẹ́rin epo lè gba inú rẹ̀ kọjá láìjóná, inú omi ló ń bọ́ sí, omi tí àwọn ará Ganvié ń pẹja nínú rẹ̀.

Oríṣi kejì ni èyí tó ní òróró tirẹ̀ lọ́tọ̀ bíi ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, tí a kì í po nǹkan kan mọ́ epo rẹ̀. Ó wọ́n, ó wúwo, àmọ́ kì í pariwo, epo tó ń jẹ sì kéré gan-an. Fún ìdílé tó kàn fẹ́ gbafẹ́ lọ́sẹ̀, òun ni mo máa rà, tí mo bá ti rí ẹni tó lè tún un ṣe nítòsí. Tí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, màá padà sórí ti mélange, nítorí ẹ́ńjìnnì tí ẹnikẹ́ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe ni ẹ́ńjìnnì tó ń dáni dúró láàárín ọ̀sà.

Ẹ wọn ẹ̀yìn ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó ra ẹ́ńjìnnì. Ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì ní oríṣiríṣi gígùn, 38 sẹ̀ǹtímítà àti 51 ló wọ́pọ̀. Tó bá kúrú jù fún ọkọ̀, élísì, ìyẹn abẹ̀bẹ̀ tó ń yí nísàlẹ̀, á máa fa afẹ́fẹ́ dípò omi, ẹ́ńjìnnì á pariwo, ọkọ̀ ò ní lọ. Tó bá gùn jù, á máa wa ẹrẹ̀ Nokoué.

Ohun tó ń pa ẹ́ńjìnnì jù lórí omi wa, ewé ni. Ewé aláwọ̀ ewé tó ń léfòó, tó ń yọ òdòdó àlùkò, tí wọ́n ń pè ní water hyacinth, wọ inú odò àti ọ̀sà wa láti Amẹ́ríkà Gúúsù. Láti 1991 ni àwọn onímọ̀ IITA ti ń tú kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ẹ̀, ó sì dín kù níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n ìkún omi ṣì máa ń gbé e wá. Ó máa ń wé mọ́ élísì, ó sì máa ń dí ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa omi tó ń mú un tutù. Nítorí náà, ẹni tó ń wa ọkọ̀ gbọ́dọ̀ máa bojú wẹ̀yìn. Okùn omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó ń tú jáde lára ẹ́ńjìnnì ní gbogbo ìgbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Tó bá dáwọ́ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, ẹ yọ ewé. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù kó jóná.

Omi Nokoué tún ní ọgbọ́n kan. Láti 1885 tí àwọn Faransé ti gbẹ́ ojú omi Kútọnu já sí òkun, iyọ̀ máa ń wọ inú ọ̀sà ní ẹ̀ẹ̀rùn, òjò á sì tún fọ̀ ọ́ kúrò. Gbogbo ẹ́ńjìnnì ní àwọn irin kékeré kan lára tí wọ́n fi sí i kí ìpẹtà lè jẹ wọ́n dípò ẹ́ńjìnnì. Tòkun jẹ́ zinc, todò jẹ́ magnesium. Fún omi tó ń pààrọ̀ ara rẹ̀ bíi tiwa, aluminium ni kẹ́ ẹ bèèrè. Tẹ́ ẹ bá sì délé, ẹ fi omi kànga ṣan inú ẹ́ńjìnnì.

Nípa epo, ọ̀rọ̀ kò gùn. Kpayo, bẹntiróòlù tí wọ́n ń tà létí títì, lè ní omi tàbí ìdọ̀tí nínú, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Orí ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bu epo, kì í ṣe inú ọkọ̀, nítorí ooru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló ń sá sí, iná kékeré tó. A kò gbàgbé ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 2023 ní Sèmè-Kraké, nígbà tí iná ilé ìkópamọ́ epo pa èèyàn tó lé ní ọgbọ̀n.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ iwájú ọkọ̀ ló ń fa ojú ẹni tuntun mọ́ra jù, wọ́n sì wúlò tẹ́ ẹ bá mọ ohun tí wọn kò lè ṣe. Ẹ̀rọ tó ń wọn ìjìnlẹ̀, tí ilé iṣẹ́ Furuno ti Japan sọ di ọjà fún àwọn apẹja ní 1948, máa ń rán ìró wọ inú omi, ó sì ń dúró dè é kó padà wá. Ìró ń rìn ní bíi 1,500 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú omi, àkókò tó lò ni ẹ̀rọ fi ń ṣírò ìjìnlẹ̀. Àmọ́ ìsàlẹ̀ ló ń wò, kì í wo iwájú. Ọkọ̀ tó ń sáré 40 kìlómítà ní wákàtí kan ń gba mítà 11 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ẹ̀rọ tó sọ pé igi wà, ẹ ti wà lórí igi náà. Igi sì pọ̀ ní Nokoué. Akája ni wọ́n ń pè é, ẹ̀ka igi tí àwọn apẹja ń rì mọ́lẹ̀ kí ẹja lè sá pamọ́ sí. GPS máa sọ ibi tẹ́ ẹ wà àti bẹ́ ẹ ṣe ń yára tó, ṣùgbọ́n àwòrán inú rẹ̀ kò mọ akája tí wọ́n rì lánàá. Ní oṣù kẹfà 2023, ọkọ̀ tó ń kó èrò ìgbéyàwó bọ̀ dànù lóru lórí Odò Ọya lágbègbè Pàtígì ní ìpínlẹ̀ Kwara. Àwọn tó kú lé ní ọgọ́rùn-ún. Igi inú omi ni ìròyìn sọ pé ó kọlu. Mo bẹ̀ yín, kí oòrùn tó wọ̀, ẹ ti wà nílẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá lo ẹ̀rọ wọ̀nyí, ẹ fún wọn ní bátìrì tiwọn, kí èyí tó ń ṣáná sí ẹ́ńjìnnì wà lọ́tọ̀, kí orin àti iná má baà jẹ ẹ́ tán. Ẹ fi fóònù sínú àpò tí omi kò lè wọ̀. Nọ́ńbà àwọn panápaná ní Bẹ̀nẹ̀ẹ̀ ni 118.

Owó tó kéré jù nínú gbogbo rẹ̀ ló ń gba ẹ̀mí là. Okùn kékeré kan wà tí wọ́n ń so mọ́ ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ awakọ̀: tó bá ṣubú sómi, okùn á fà, ẹ́ńjìnnì á kú, élísì ò ní yí padà wá bá a. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2021, òfin Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré. Ẹ̀kejì ni gilet, ẹ̀wù tó ń mú èèyàn léfòó. Ní 2023, èèyàn 564 ló kú sínú jàǹbá ọkọ̀ ìgbafẹ́ ní Amẹ́ríkà, ìlú tó ní òfin àti ọlọ́pàá orí omi. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ló kú sómi, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kú sómi yìí kò sì wọ gilet. Ẹ máa wọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀. Ẹ má tì í sábẹ́ àga, ọwọ́ kì í tó abẹ́ àga nígbà tí ọkọ̀ bá dojú dé.

Ti ìwakọ̀, òfin ojú omi àgbáyé ti 1972 rọrùn fún wa: tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì méjì bá ń kọjú síra, oníkálukú á yà sọ́wọ́ ọ̀tún, bá a ṣe ń ṣe lórí títì. Tẹ́ ẹ bá sún mọ́ Ganvié, ẹ dín eré kù kí ìgbì ẹ̀yìn yín tó dé ibẹ̀. Ìyá tó ń gbé oúnjẹ kiri nínú ọkọ̀ àjẹ̀ ló jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò gbígbóná láàárín ẹsẹ̀, etí ọkọ̀ rẹ̀ kò sì ga ju àtẹ́lẹwọ́ lọ sókè omi. Fún ìrìn mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹ sanwó fún ọmọ Tófìn kan kó jókòó tì yín, kó fi ibi tí akája wà hàn yín. Kẹ́ ẹ sì di àjẹ̀ méjì sínú ọkọ̀, kẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́ kó kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń wà á.